Ẹrù Ọmọ, Ẹ̀rù Bàbá

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lè máa fọ abọ́, mo lè máa wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, kó ṣàdédé dún létí mi ní ohùn ìyá àgbàlagbà tó bi mí: "Ọmọ mi, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Kò bú mi o. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì rọra sọ ọ́. Ìdáhùn tí mo fún un gan-an ni kò jẹ́ kí n gbàgbé, torí ìka ni mo fi dáhùn: mo tọ́ka sókè, síbi àpótí ẹrù tó wà lókè orí wa. Ó gbójú sókè wò ó, ó tún wò mí. Ó ní, "Ìyẹn wà lókè. Èmi ní kí ló wà lọ́wọ́ rẹ."

Inú bàálù la wà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ oṣù mẹ́jọ, jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, igbe rẹ̀ sì gba gbogbo ọkọ̀ kan. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú wa lọ nítorí iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo mú un rìn, ìrìn àjò wákàtí mẹ́sàn-án. Báàgì tí mo gbé wọ bàálù fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dì í. Kò sí ohun tí ọmọ lè fẹ́ tí n kò kó sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ìṣẹ́jú tí ọmọ náà nílò báàgì yẹn jù lọ, kò yàtọ̀ sí kí n má gbé báàgì kankan wá rárá.

## Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń dì í

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mo sì gba òwe yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Mo kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé. Lálaalẹ́, bí ọmọ bá ti sùn, màá rántí ohun kan sí i. Bí ìtọ̀ bá pọ̀ ńkọ́? Ìlédìí ogún. Bí ó bá bì sórí aṣọ ńkọ́? Aṣọ márùn-ún. Bí fídà kan bá bọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Fídà mẹ́ta. Òògùn ibà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ara ṣe gbóná tó, ohun ìṣeré mẹ́fà, ìwé aláwòrán méjì, aṣọ ìbora méjì, oúnjẹ rírọ̀ inú ike. Nígbà tí mo gbé báàgì náà sórí ìwọ̀n, ó lé ní kílò 9, bẹ́ẹ̀ kílò 7 péré ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà gbà láyè.

Mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Ẹ wò ó, ohun tí mo kọ́kọ́ yọ ni ẹ̀wù tèmi kan ṣoṣo tí mo fi sí i. Mo rò ó pé ọmọ ló ń lọ, kì í ṣe èmi. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí bàálù gbéra ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti po mílíìkì sínú fídà kan nílẹ̀, mo dé e pa. Bí bàálù ṣe ń gòkè, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń dín kù, afẹ́fẹ́ tó há sínú fídà sì ń fẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ìdérí báyìí, ọmú rọ́bà orí rẹ̀ tú mílíìkì jáde bí ìsun omi, gbogbo àyà mi rin gbingbin. Ẹ̀wù tí ǹ bá pààrọ̀ sí wà nílé. Mo fi òórùn mílíìkì kíkan jókòó láti ìgbà náà títí a fi gúnlẹ̀, ọmọ náà sì ń yí imú kúrò láyà mi nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ sùn. Ẹ̀wù bàbá wà lára ẹrù ọmọ. Orí àyà ẹni tó gbé ọmọ ni ọmọ ń sùn.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tí mo wá mọ̀ báyìí, ni pé kì í ṣe ọmọ ni mo ń di báàgì yẹn fún. Nínú èdè wa, àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rù. Mo ń wo ìwé tí mo kọ nǹkan sí náà lẹ́yìn ìrìn àjò, mo sì rí i pé ẹ̀rù ló kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìlédìí mẹ́fà péré ni ọmọ lò. Ohun ìṣeré mẹ́fà, kò fọwọ́ kan ju ọ̀kan lọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà ààbò tó wà lẹ́bàá ìjókòó ló wù ú láti máa jẹ.

## Ìgbà tí ọwọ́ mi kò tó òkè

Ìjókòó iwájú ògiri ni wọ́n fún wa, èyí tí wọ́n máa ń so ibùsùn kékeré ọmọ mọ́ ògiri iwájú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ìjókòó tó dára jù fún ọlọ́mọ nìyẹn. Òótọ́ ni, títí dé àyè kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí àga kankan níwájú ẹni níbẹ̀, kò sí abẹ́ àga tí a lè ti báàgì sí. Bí bàálù bá fẹ́ gbéra, tàbí bó bá fẹ́ gúnlẹ̀, gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ lọ sókè. Kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun nílẹ̀.

Nígbà tí a gbéra, ó ń sùn, kò mọ nǹkan kan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ ká gúnlẹ̀, iná ìgbànú tàn. Òṣìṣẹ́ inú bàálù kan wá tú ibùsùn ọmọ kúrò lára ògiri, ó ní kí n gbé báàgì sókè. Èmi fúnra mi ni mo gbé e, mo ti ilẹ̀kùn àpótí náà pa, mo jókòó, mo de ìgbànú mọ́ra mi àti mọ́ ọmọ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé a ti ṣe é yọrí.

Ìgbà náà ni igbe bẹ̀rẹ̀. Òbí mọ igbe ọmọ rẹ̀. Mo mọ igbe ebi, mo mọ igbe ìlédìí tó rin, mo mọ ti oorun. Èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ó lọ sókè bí abẹ́rẹ́, kò dúró mí, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí òsì rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí mo ti kà nípa rẹ̀. Mo mọ ohun tí yóò wò ó pẹ̀lú: kí ó máa mu nǹkan. Fídà tí mo ti fọ̀ mọ́, tí mo ti wọn mílíìkì rẹ̀ sọ́tọ̀, wà nínú báàgì, nínú àpò inú, lẹ́yìn síìpù méjì, lókè orí mi gan-an. Mo fẹ́ dìde. Òṣìṣẹ́ tó jókòó dojú kọ wá, tóun náà ti de ìgbànú mọ́ra, wò mí, ó rọra mi orí: rárá.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi àgbàlagbà yóò jókòó sábẹ́ pẹpẹ tí èmi fúnra mi kó ẹrù sí, tí ọwọ́ mi kò sì ní tó o.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá àgbàlagbà yẹn jókòó sí. Láti ìgbà tí a ti wọlé, ìkíni nìkan ló pa wá pọ̀. Mo ti rí i tí ó ń wo ọmọ mi, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i, mo sì ti ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó bi mí ní ìbéèrè rẹ̀, tí mo sì nawọ́ sókè, kò bá mi jiyàn. Ó mú ìgò omi kékeré kan tí wọ́n pín fún wa, tí òun kò tíì ṣí, ó yọ ìdérí rẹ̀, ó bi mí pé, "Ṣé ó ti ń mu omi?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó ti kọjá oṣù mẹ́fà." Ó da omi díẹ̀ sínú ìdérí ìgò náà, ó gbé e sí ọmọ lẹ́nu. Àkọ́kọ́ dànù. Èkejì, ó lá a. Ẹ̀kẹta, mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó gbé e mì. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Láàárín igbe kan àti èkejì, ó ń gbé omi mì. Díẹ̀díẹ̀ ni igbe náà já sí ẹ̀dùn, ẹ̀dùn já sí ìmí gígùn, ó sì gbé orí lé mi láyà tó ń rùn yẹn.

Ìdérí ìgò. Kò gba ju ṣíbí omi kan lọ. Kílò 7 wà lókè orí wa.

## Ohun tí etí ọmọ ń bá jà

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé ìgbà tí bàálù bá ń gbéra ni etí máa ń dun ọmọ jù, tí wọ́n á sì fi gbogbo mílíìkì ṣòfò níbẹ̀. Inú bàálù tó wà lókè, wọ́n ń mú kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dà bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Bí a bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn awọ tín-ín-rín inú etí máa ń fẹ̀, á sì wá ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀ gba ihò tóóró kan tó so inú etí mọ́ ẹ̀yìn imú. Jíjáde rọrùn. Wíwọlé ni iṣẹ́. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ìta ń lágbára sí i, ó ń ti awọ náà wọnú, afẹ́fẹ́ sì ní láti padà gba ihò tóóró yẹn wọlé. Bí ihò náà kò bá là, ìrora dé.

Àgbàlagbà á yán, á dá itọ́ mì, etí á dún "pọ́", ó tán. Ihò ti ọmọ ọwọ́ tún tóóró ju tiwa lọ, ó sì nà gbalaja, kò dagun bíi tiwa. Ọmọ kò mọ̀ pé kí òun dá itọ́ mì. Àfi kí nǹkan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń fà: ọmú ìyá, fídà, tàbí ọmú rọ́bà lásán. Ọmọ tó sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan mì, nítorí náà, ó sàn kí a rọra jí i nígbà tí bàálù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dunni láti jí ọmọ tó ń sùn, mo mọ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kan ilẹ̀, ìgbà tí a ṣì ń wo ìkùukùu lójú fèrèsé, tí kò sí ẹni tó ronú nípa ilẹ̀.

## Bí mo ṣe ń dì í báyìí

Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni: kí ni ọmọ lè nílò? Ìbéèrè yẹn kò lópin. Ní báyìí, mo ń béèrè pé: ní aago mélòó, níbo ni màá jókòó sí, ọwọ́ mélòó ló ṣófo? Ìdáhùn ìkẹyìn, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ọwọ́ kan.

Ohun tí etí nílò, ara mi ló ń wà. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì tó ní àpò jíjìn méjì, torí kò sí ẹni tó máa ní kí n gbé àpò jákẹ́ẹ̀tì mi sókè. Fídà kan wà nínú àpò ọ̀tún, ọmú rọ́bà ìfàmu rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí wà nínú tòsì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí omi tí a ó fi po mílíìkì lẹ́búlẹ́bú má ṣe tutù ju ìwọ̀n 70 lọ lórí Sẹ́líṣọ́ọ̀sì, torí kòkòrò tó lè wà nínú lẹ́búlẹ́bú náà, kí a sì da ohun tí a pò nù bí kò bá sí nínú fìríìjì tó sì ti kọjá wákàtí méjì. Ìṣírò tèmi dá lé méjèèjì: bí ó bá ku nǹkan bíi wákàtí kan ká gúnlẹ̀, mo ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ fún omi gbígbóná. Omi máa ń hó kí ó tó dé ìwọ̀n 100 nínú bàálù, torí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó kéré, ṣùgbọ́n ó ṣì ju 70 lọ dáadáa bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni. Màá pò ó, màá jẹ́ kó tutù, màá tì í sápò kí iná ìgbànú tó tàn. Ẹni tó bá lè rí mílíìkì olómi tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, tí a kò tíì ṣí, ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí. Omi ẹ̀rọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù, ẹ má fi po oúnjẹ ọmọ láéláé.

Lẹ́yìn náà ni ti ìdí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù kò gba ènìyàn, ọmọ àti báàgì ńlá. Mo ń di nǹkan sínú ọ̀rá kéékèèké: ìlédìí kan, wáìpù díẹ̀, aṣọ pẹlẹbẹ tí a ó tẹ́ ọmọ sí, ọ̀rá òfìfo kan fún ìdọ̀tí. Ọ̀rá kan fún ìgbà kan. Aṣọ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, àtòkè àtìsàlẹ̀ pa pọ̀ nínú ọ̀rá kan. Èyí tó bá dọ̀tí á wọ inú ọ̀rá tí mímọ́ ti jáde. Ẹ̀wù tèmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú, méjì.

Níbi àyẹ̀wò ẹrù, mo ti sin mílíìkì àti oúnjẹ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ báàgì nígbà àkọ́kọ́, mo sì fi ọwọ́ kan tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lójú àwọn tó tò sẹ́yìn mi. Òfin pé olómi inú báàgì ọwọ́ kò gbọdọ̀ kọjá mílílítà 100 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú. Àmọ́ òfin náà yọ̀ǹda mílíìkì ọmọ, omi ọyàn àti oúnjẹ ọmọ tó bá tó fún ìrìn àjò náà. Ẹ kàn sọ ọ́ fún wọn kí báàgì tó wọ ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi wọ́n sókè pátápátá, lójú kan. Páwà báǹkì, inú báàgì ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀.

Mo sì ní láti sọ èyí: àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fún un ní òògùn tó ń múni sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Irú òògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ara ọmọ mìíràn má balẹ̀ rárá dípò kó sùn, ó sì lè pa mímí rẹ̀ lára. Etí tó ń dun ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí a ó fi oorun bò mọ́lẹ̀.

## Ohun tí mo fi báàgì náà ṣe

Ìbéèrè ìyá yẹn ì bá ti tán bó bá jẹ́ ti fídà nìkan. Kò tán. Mo bi ara mi ìdí tí mo fi di kílò 9 fún wákàtí mẹ́sàn-án, mo sì rí ìdáhùn tí n kò fẹ́ rí: mo fẹ́ kí ó má ṣẹlẹ̀ rárá pé kí n béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá bá gbé ọmọ rìn, wọ́n á ní ó ń tọ́jú ọmọ. Bí bàbá nìkan bá gbé e, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀, bóyá yóò jábọ́. Mo fẹ́ kí báàgì yẹn bá mi dáhùn ojú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ìyá yẹn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ mi. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, èmi sì fẹ́ fi báàgì jẹ́ àwá dé.

Ẹni tí mo gbójú kúrò lára rẹ̀ náà ni omi ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé. Òògùn ibà ọmọ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tó ga jù, ibi tó yẹ kó wà, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tó o. Ṣùgbọ́n ìwé tí dókítà kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí wà nínú dúrọ́ọ̀ mìíràn nínú yàrá mìíràn, tí a ó máa wá ní aago méjì òru. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike òògùn náà. Nọ́ńbà dókítà wà nínú fóònù mi nìkan. Mo kọ ọ́ sára ògiri.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìsinmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni mo ti ń tọ́jú ọjọ́ ìsinmi mi pamọ́ níbi iṣẹ́. Mo ní bó bá dàgbà díẹ̀, tó bá lè rìn, tó bá lè sọ̀rọ̀, a ó jọ gbádùn rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo ti kó jọ. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé mo ní in. Ní ọjọ́ kan tí mo ń fọ fídà lálẹ́, ó ti sùn kí n tó dé láti ibi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sùn kí n tó dé ní àná àti ní ìjẹta, mo gbọ́ ohùn yẹn létí mi: ìyẹn wà lókè. Mo gba ọjọ́ mẹ́wàá nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ kejì ìsinmi náà ni mo rí i tó fà á, tó fà á, tó dìde dúró di àga mú fún ìgbà àkọ́kọ́, tó yíjú wá bóyá mo ń wò ó.

A tún ń wọ bàálù lọ́jọ́ Ẹtì yìí, èmi àti òun nìkan, a fẹ́ lọ bá ìyá rẹ̀. Báàgì náà kò ju kílò 5 àti ààbọ̀ lọ báyìí, ó sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Lálẹ́ àná, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sórí àga tó dojú kọ ògiri, mo gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo fi bẹ́líìtì ṣòkòtò mi de ara mi mọ́ àga. Mo di ojú. Mo fi ọwọ́ òsì gbá a mọ́ra, mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò láti wá fídà. Àpò ti ṣófo. Mo lajú. Ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ń jẹ ìdérí rẹ̀.